Imú Tí Mo Kàn Mọ́ Ìdí Ààrò

Ẹ wá ibi fìdí lé, kí ẹ gbọ́ ti imú tí mo kàn mọ́ ògiri ní Sàǹgó-Ọ̀tà. Mo rántí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa ra ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń gbóòórùn gáàsì. Kò ní wáyà rárá. Bí gáàsì ìdáná bá ń jò, yóò han gooro, yóò sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mánéjà. Èmi ni séfítì tuntun, ẹni tó ń rí sí ààbò, tí wọ́n ní kó yan ibi tí a máa kàn wọ́n sí. Mánéjà ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí ọ̀kan bá kùnà lọ́jọ́ tí a bá dán wọn wò, kí n máa gba ilé lọ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú Agbára ni, mo wá ń rìn bí ẹni tó dá gáàsì sílẹ̀.

Mo kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Mo ní, "Imú ni kí ẹ pè é. Ibikíbi tí gáàsì bá ti jáde, yóò gbọ́ ọ, mánéjà yóò sì mọ̀." Mo gbàgbé pé lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tí inú rẹ̀ bá ń kùn, gáàsì náà ló ń sọ pé ó ń da òun láàmú.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ imú nítòsí. Àwọn obìnrin tó ń di bísíkíìtì ní kí n gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn awakọ̀. Mánéjà pàápàá ní ọ́fíìsì òun kò nílò ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni páìpù gáàsì gbà kọjá. Bàbá aláàrò, ará Ọ̀yọ́ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ló bẹ̀ mí jù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni mo sì kan tirẹ̀ mọ́, lẹ́yìn àpótí tó máa ń jókòó lé gan-an.

"Ọ̀gá séfítì, ẹ gbé e sókè díẹ̀."

"Bàbá, ìsàlẹ̀ ni gáàsì máa ń gbà."

Ó wò mí títí. "Mo mọ ibi tó ń gbà."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wa gbé agolo gáàsì kékeré wá, ó ń fín in sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún han. Ó fín in sí ti ìdí ààrò, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú mánéjà ti ń wá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó: ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n fi wé e, wọ́n fi rọ́bà so ó dan-in dan-in.

"Ta ló ṣe èyí?" ni mánéjà wí.

Bàbá aláàrò dìde. "Èmi ni, sà. Ẹ̀wà la jẹ lánàá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo wọn. Bàbá ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, n kò jalè rí. Ẹ má jẹ́ kí ìdí mi lé mi lọ sílé."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ṣàlàyé pé gáàsì ti sìlíńdà ni imú ń wá, ti ikùn kò tó nǹkan lójú rẹ̀. A tú ọ̀rá, wọ́n tún fín in, ó han débi tí Bàbá fi di ìdí mú. Mánéjà fà mí sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ó ra ọ̀kan sí i; wá kàn án sẹ́yìn ọ́fíìsì mi."

Bí iṣẹ́ kò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bàbá aláàrò ti padà sí Ọ̀yọ́ báyìí; ọmọbìnrin kan láti Ìjokò ló jogún àpótí rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀wà lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ní tèmi, orúkọ ni wọ́n kàn mọ́ mi. Bí mo bá ń kọjá ní Ìjù, tí ẹnì kan kí mi ní "Bàbá Onígáàsì," àwọn tí kò mọ̀dí rẹ̀ a rò pé sìlíńdà ni mò ń tà. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú máa tà á.