Wọ́n Tú Híjáàbù, Wọn Ò Rí Ọ̀bẹ

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni ìdí Limota ò ti balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó di ẹrù, ó tún tú u. Gbogbo ẹni tó ń ra obì lọ́jà ní Ìkàrẹ́ ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó lè jókòó ti agbọ̀n obì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Àmọ́ Limota yẹn kọ́ ló ń rìn káàkiri ilé láàárọ̀ ọjọ́ yìí.

Memunat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní ọsibítù ní Àbújá. Ọmọ inú rẹ̀ dábùú. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Memunat sì ti fárígá.

"Yèyé mi, mi ò wọ yàrá yẹn o, àfi tí mo bá di ọwọ́ yín mú kí n tó wọ̀ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ò lè bá a jà sí i. Oyún tó ní ṣáájú eléyìí, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló ti bọ́ mọ́ ọn lára, òun nìkan láàárín àwọn oníbòmú. Látìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí wọ́n máa ń fi bẹ́ẹ̀dì tì.

Kareem, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta páàtì ọ̀kadà, ló ní ìyá òun ò ní gba ojú ọ̀nà lọ.

"Ọ̀nà Kàbbà, Yèyé? Àwọn ajínigbé tó wà nínú igbó yẹn ò ní bi yín bóyá ẹ ti dàgbà. Bàálù lẹ máa wọ̀."

"Èmi Limota? Nínú bàálù?"

"Ẹ̀yin náà ni. Kẹ́ ẹ tó ka tẹ̀súbáà yín yípo, ẹ ti dé."

Ohun tí Limota wá di sínú báàgì rẹ̀ ni aṣọ díẹ̀, kúbùsù ọmọ, àti obì. Obì gidi, èyí tí wọ́n máa pín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó wé e sínú ewé tútù bí wọ́n ṣe ń wé e lọ́jà, ewé lórí ewé. Àwọn olóbì sì ní nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń yọ kòkòrò lára obì, wọn kì í fi í sójú táyé. Àárín obì, nínú ewé níbẹ̀, ni wọ́n ń kì í bọ̀, torí ọ̀bẹ tó o bá fi sílẹ̀ lórí àtẹ, ti aládùúgbò ni. Á yá a, á sì di gbére. Limota ti ń ki ọ̀bẹ bọ àárín obì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge lábẹ́ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bó ṣe yọ kòkòrò lára obì ọmọ tuntun yìí tán, ọwọ́ rẹ̀ ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó sì so ewé pa. Ọwọ́ ló ṣe é. Orí rẹ̀ wà ní Àbújá.

Sàídì onímọ́tò ló gbé e. Wọ́n kọjá Ọ̀kà, wọ́n kọjá Ọ̀bà, Limota ò rí òkè, kò rí ilé. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Sàídì, ṣé mọ́tò yìí ò lè sáré jù báyìí lọ ni?"

"Ìyá Kareem, tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, àwa náà á fò. Ẹ ò ní nílò bàálù mọ́."

Wọ́n dé pápá bàálù, ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó gba ibẹ̀ kọjá. Ó kọjá, ẹnu ọ̀nà náà ké píì!

"Ẹ padà, Mà. Ẹ bọ́ bàtà."

Ó bọ́ bàtà. Píì! Ó yọ tẹ̀súbáà, ó yọ aago. Píì! Ọmọbìnrin sikiọ́ríìtì tó dúró níbẹ̀, Elizabeth lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, wá fojú wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ṣí híjáàbù yẹn."

"Kí n ṣí kí ni?"

"Orí yín ni, Mà. Nǹkan wà níbẹ̀."

"Ọmọ mi, ọkùnrin ló kún ẹ̀yìn mi yìí. Ṣé ẹ ò ní kọ̀rọ̀ kan tí mo lè wọ̀ ni?"

"Kò sí yàrá, Mà. Òfin ni. Ẹ̀ ń dá àwọn èèyàn dúró."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn pòṣé. Òmíràn ní, "Ìyá, ẹ ṣí i jàre, bàálù ò mọ Àlhájà." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Limota ronú kan Memunat, ó ṣí i. Irun funfun rẹ̀, tí kò sí ọkùnrin mìíràn tó rí i rí yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wà ní gbangba lábẹ́ iná. Elizabeth tọwọ́ bọ inú irun náà. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ọmú. Ó gbá ìbàdí rẹ̀ mú, ó na ọwọ́ sáàárín itan rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà. Kí ló rí? Pín-ìnì méjì tí wọ́n fi mú híjáàbù.

"Pín-ìnì ni," Elizabeth wí.

"Mo mọ̀ pé pín-ìnì ni. Ṣé o bi mí?"

Wọ́n gba òrí ìpara tó mú dání lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìgò àdín tó fẹ́ fi pa ọmọ lára, wọ́n jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lórí nǹkan tó ń yí, ó ń wọ inú àpótí tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù. Ẹni tó jókòó ti gíláàsì àpótí náà ló yẹ kó wò ó. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni Ònárébù kan dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń wo gíláàsì dìde fùú, ó tẹ̀ ba, "Ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ máa bọ̀ níbí, sà!" Wọ́n gbé okùn sókè fún Ònárébù, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kò ké píì, torí kò dé ibi tí píì wà. Lẹ́yìn ẹ̀yìn ọkùnrin tó tẹ̀ ba yẹn, báàgì Limota wọlé, ó jáde, kò sẹ́ni tó rí i.

A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Wọ́n fi ètè sílẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró de bàálù, Limota jókòó ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀kà. Olúyọmí lorúkọ rẹ̀. Inú ń bí Limota.

"Tíṣà, ẹ rí ohun tí wọ́n fi mí ṣe?"

"Mo rí i. Ẹ rọra. Bí wọn ò bá wò wá, àwọn oníbọ́ǹbù á bá wa wọ̀ ọ́."

"Oníbọ́ǹbù wà nínú irun mi?"

Olúyọmí rẹ́rìn-ín. Limota ní kí òun jẹ obì kan, bóyá àyà òun á balẹ̀, kí òun fún bàbá náà ní ọ̀kan. Ó tú ewé. Ọwọ́ rẹ̀ kan igi èèkù. Ó mọ igi yẹn bó ṣe mọ ìka ara rẹ̀.

"Asitagifurulahi."

Olúyọmí yọjú wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ bò ó! Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ bò ó! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì yín mọ́lé ni?"

"Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ta ló máa gbà yín gbọ́? Ẹ wọ ilé ìtọ̀ lọ, ẹ jù ú sí kọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ wọ bàálù yín lọ bá ọmọ yín. Ẹ ò rí nǹkan kan, èmi náà ò rí nǹkan kan."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Limota dìde láti tẹ̀ lé e. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó wo gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn náà: ẹni tó ń tẹ fóònù, ẹni tó ń sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ònárébù pẹ̀lú àpò dúdú ńláńlá wọn. Ó wí lọ́kàn rẹ̀ pé: Bí ọ̀bẹ tèmi bá kọjá, kí ló tún kọjá? Inú bàálù kan náà yìí sì ni mo fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ó padà, ó jókòó. Ó tún dìde. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kí àwọn tó ń lọ sí Àbújá máa múra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn gbé e padà sọ́dọ̀ Elizabeth ni.

Ó gbé ewé lé orí tábìlì, ó rọra ṣí i. "Èyí ni o ò rí, ọmọ mi."

Elizabeth fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹ fún mi. Màá jù ú nù, ẹ máa lọ wọ bàálù yín. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni."

"Mo gbọ́. Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé wàá tún ẹrù wọn wò?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó kọjá nígbà tí ẹ̀ ń kí Ònárébù."

Elizabeth wolẹ̀. "Màmá, ẹ máa lọ."

Ibẹ̀ gan-an ni Limota ti lè lọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Ó kàn yẹ kó pa ẹnu dé ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ti tì pa látàárọ̀, ìgbà tí wọ́n tú orí rẹ̀, ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ àárín itan rẹ̀, ó là.

"Ta ni ọ̀gá yín níbí? Ẹ bá mi pè é! Mo fẹ́ kó wá wo ọ̀bẹ tó gba ọwọ́ yín kọjá!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Pius, ọ̀gá wọn, sáré dé, ó rí ọ̀bẹ, ó rí Limota.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wọlé?"

"Èmi ni mo gbé e wá fún yín. Kẹ́ ẹ tún gbogbo wa yẹ̀ wò. Èmi, Ònárébù, gbogbo wa."

"Ta ló rán yín?"

"Ìgbà tí mi ò mú nǹkan kan pamọ́, ẹ ṣí mi lórí. Nígbà tí mo wá mú un fún yín, ẹ̀ ń bi mí ẹni tó rán mi?"

Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan. Àṣé yàrá wà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, wọ́n tún bi í lákọ̀tun: ilé rẹ, iṣẹ́ rẹ, ọkọ rẹ. Wọ́n tún àwọn èrò yẹ̀ wò lóòótọ́, àfi Ònárébù, òun ti wà lórí àga rẹ̀ nínú bàálù. Limota ń gbọ́ ohùn àwọn èrò láti ìta: "Ìyá yìí ti kó bá wa!" "Ọ̀bẹ obì ló máa dá gbogbo wa dúró!" Kò sí ohùn Olúyọmí láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ohùn kan dún tó mi ògiri, ó gùnkè, ó jìnnà. Nígbà tí Pius wá ní kó máa lọ, kó má dán irú ẹ̀ wò mọ́, kò sí bàálù tó kù.

Fóònù rẹ̀ ń dún.

"Yèyé, ṣé ẹ ti balẹ̀?"

"Bàálù ti lọ, ọmọ mi. Mi ò sí nínú ẹ̀."

Memunat tún fárígá. "Mi ò wọlé nígbà yẹn. Kí wọ́n máa wò mí."

Limota lè purọ́ fún un. Ó lè ní òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kàn tì í wọlé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: obì, ewé, ọ̀bẹ, irun rẹ̀ ní gbangba, Ònárébù.

"Ẹ ní kí ni? Ẹ ki ọ̀bẹ bọ obì, ẹ gbé e lọ wọ bàálù?" Ẹ̀rín já gbà lẹ́nu Memunat, ẹ̀rín olóyún tí ara ń ro. "Yèyé! Ẹ ò ní pa mí!"

"Rẹ́rìn-ín dáadáa. Memunat, mo ti tàn ẹ́ jẹ rí?"

"Rárá."

"Àwọn èèyàn yìí ní kí n dákẹ́ kí n wọlé, mi ò dákẹ́. Bí nǹkan tí mo mọ̀ bá wà nínú yàrá yẹn tó lè pa ẹ́, ṣé màá dákẹ́? Ọwọ́ mi jìnnà, ohùn mi nìyí. Fún nọ́ọ̀sì ní fóònù kó gbé e sí ẹ létí títí dé ẹnu ilẹ̀kùn."

Nọ́ọ̀sì gbé e. Limota ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń pè é, ó ń ṣàdúà, láàárín àwọn tó ń ti ẹrù kọjá lára rẹ̀, títí tí nọ́ọ̀sì fi ní, "Màmá, ó ti wọlé."

Sàídì ò tíì lọ, ó ń jẹun lábẹ́ igi. "Ìyá Kareem! Bàálù yẹn dá yín padà?"

"Tan mọ́tò. Àbújá."

"Ọ̀nà Kàbbà?"

"Ṣé o mọ òmíràn ni?"

Wọ́n tún padà gba Ọ̀bà, wọ́n gba Ọ̀kà. Ní Ìkàrẹ́, Kareem dúró sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Yèyé, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ?" Limota ní kí Sàídì yà á kọjá. Ẹni tó ń sá fún àwọn ajínigbé, òun náà ni wọ́n tú bí ajínigbé. Àwọn tó wà nínú igbó, ta ló ti tú wọn?

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí wọ́n má yẹ èèyàn wò?" Sàídì, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́nà, bi í.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Kí ojú wọn wà níbẹ̀ ni mo sọ. Kí obìnrin tú mi ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tú Ònárébù. Ẹni tó ṣí mi lórí tí kò wo àpò mi, ìtìjú mi ló ń wá, kì í ṣe ọ̀bẹ."

Ó ń wo igbó lọ́tùn-ún, ó ń wo igbó lósì. Kò sí bó ṣe lè fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n ti kọjá ààlà ìpínlẹ̀ tipẹ́ nígbà tí fóònù dún. Ọkọ Memunat ni. Ọmọ tuntun náà, ọkùnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Limota ní "Alhamdulilahi," ó fi etí híjáàbù nu omi ojú.

Níwájú, àwọn sójà fi igi dá ọ̀nà. Ọ̀kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú Sàídì, ó wo ojú Limota, ó rí híjáàbù àti ojú tó ti sunkún.

"Màmá ni. Ẹ máa lọ."

"Dúró," Limota wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé báàgì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "O ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tú u."

"Ìyá, ẹ máa lọ, ọ̀nà yìí ò dáa."

"Torí pé kò dáa náà ni. Tú u, ọmọ mi. Obì ni, tú ewé rẹ̀ tán pátápátá kó o wo àárín. Bó o bá ti wò ó tán, èyí tó wù ẹ́ ni kó o mú. Mo ti di ìyá àgbà."