Àǹtí Verna àti Ìwé Bẹ́ẹ̀ Ni

Ẹ jẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé Àǹtí Verna Kurrabin kì í jókòó sórí àga ìjọba. Àga oníke tirẹ̀ ló máa ń há sábíyá wọ kóòtù, bí ẹni tó ń lọ pẹja.

Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti àwọn àgbà Aborígínì ìlú Bindara, ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ti ń bá adájọ́ jókòó ní kóòtù láti gbà á nímọ̀ràn, tí òun sì ń jà fún òfin kan ṣoṣo: kí ọlọ́pàá má ṣe da ìbéèrè bo ọmọ wọn láìsí àgbà kan níbẹ̀. Ìjọba ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Òfin ò tíì dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Lyle, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń jẹ́jọ́. (Kò sẹ́ni tó ń jẹ́jọ́ ní Bindara tí kì í ṣe ọmọ àbúrò rẹ̀.) Wọ́n jí ọkọ̀ dókítà. Bí ẹ̀bi bá fi lè já lé Lyle lórí, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

Sájẹ́ǹtì Pruitt, tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nílùú, ka ìwé ìbéèrè tí wọ́n bi Lyle ní àgọ́ ọlọ́pàá sókè. Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún, ìdáhùn kan: bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò rí olè tó ń sọ òótọ́ tó báyìí rí.

Àǹtí Verna ní kí wọ́n bá òun mú Bàbá Ossie, àgbà kan nínú wọn tó ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà, wá síwájú, kí sájẹ́ǹtì sì fi ohùn ọlọ́pàá bi í léèrè.

"Ṣé ìwọ lo jí ọkọ̀ dókítà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ìwọ fúnra rẹ lo wà á lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Wá bi í bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà lọ́jọ́ náà," ni Àǹtí Verna wí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," Bàbá Ossie dáhùn, kò dúró kí wọ́n bi í.

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún méjìlá tí ojú Bàbá Ossie méjèèjì ti fọ́.

Àǹtí Verna ò rẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ǹtì, ọmọ mi, láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó bá sọ 'rárá' fún ọlọ́pàá, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. 'Bẹ́ẹ̀ ni' la fi ń lé yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Adájọ́ ti ìwé náà sápá kan. Kò sí ẹ̀rí mìíràn. Lyle gba ilé lọ. Adájọ́ tún ní láti ọjọ́ náà lọ, ìwé tí àgbà kan ò bá buwọ́ lù kò gbọdọ̀ wọ kóòtù òun mọ́. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó ti ń jọ ọ́.

Nígbà tí èrò tú ká, sájẹ́ǹtì ṣí fìlà, ó rọra sọ pé ẹni tó wà nípò náà ṣáájú òun fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́kàndínlógún sílẹ̀, àwọn tó ni wọ́n sì wà lẹ́wọ̀n. Àǹtí Verna ní kó lọ kó gbogbo rẹ̀ wá, kó sì gbé omi tíì kaná.

Èèyàn mọ́kàndínlógún, tí ìdáhùn ẹnì kan ò yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì: ẹ̀yin òǹkàwé, àbí ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n?