Ìlà Tó Wà Lókè Ìloro

Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì ni gbogbo èèyàn ń pe bíríkìlà náà, nítorí kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gba ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kò gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi kún: "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gé e." Orúkọ náà dùn mọ́ ọn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku òun nìkan tó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí, ó máa ń bi ara rẹ̀ pé, "Ìwọ náà ńkọ́, alágàbàgebè?"

Ohun tó ń dà á láàmú wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀. Òun ló kọ́ yàrá ìkàwé ibẹ̀, ilé róbótó kan tó ní ìloro olópòó mẹ́rin níwájú. Ó ti mọ ògiri tán, ó sì ti fi símẹ́ǹtì yọ ìlà onígun mẹ́ta sára rẹ̀, níbi tí òrùlé ìloro yóò ti fara kàn án, kó tó wá wọn gígùn òpó. Orí téèpù rẹ̀ ti já, nítorí náà láti ẹsẹ̀ bàtà kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ó sì yọ méjì kúrò bó ṣe yẹ. Nígbà tó wá ń kọ̀wé sí àwọn tó ń rọ òpó, ó tún yọ méjì mìíràn. Kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì o, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Òpó dé, gbogbo wọn kúrú. Kò sí àyè láti rọ òmíràn, ni wọ́n bá gbé òrùlé lé àwọn kúkúrú náà lórí. Ìlà àkọ́kọ́ wà lókè rẹ̀ gbalaja, bí àmì fìlà níwájú orí ẹni tí fìlà rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń gba ẹ̀bá gọ́tà lọ sí ibùdókọ̀ kó má baà rí ilé yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní bíríkìlà kan báyìí ló kọ́ ọ, onítọ̀hún sì ti kó kúrò ní ìlú. Bí wọ́n bá ń bú bíríkìlà náà, òun ló máa ń bú u jù. "Ọ̀lẹ ni, kò mọ ìṣirò!" Ó kéré tán, apá yẹn kì í ṣe irọ́.

Àfi bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nítorí eékún tó ń dùn ún, ọmọ sì wọlé tòun ti àwòrán kan lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ bá mi wò ó. Tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ni. Wọ́n ti fi pépà bo ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Lọ́la, mo gbọ́dọ̀ sọ èwo ni fún kíláàsì, kí n sì fi ara ilé náà jẹ́rìí sí i. Mo ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún kùnà, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

"Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

"Òpó mẹ́jọ, òrùlé onígun mẹ́ta. Àwọn tó rí báyìí pọ̀ nínú ìwé mi."

Bàbá wọ awò ojú, ó sì dẹnu lé ọ̀rọ̀ ńlá kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. "Ilé àwọn ọba ni..." Ó fa àwòrán náà sún mọ́ ojú. Lókè òrùlé ìloro, lára ògiri tó wà lẹ́yìn, ìlà onígun mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ tutù nínú omi gbígbóná. Ó lè dákẹ́. Ìtìjú sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, tirẹ̀ sì ti fi ọdún kan lé e.

"Òpó wọ̀nyí kúrú ju bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ lọ. Wo ìlà yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí òrùlé dé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó wúkọ́. "Ṣé o rántí ọ̀lẹ bíríkìlà tí mo máa ń bú, tó kọ́ yàrá ìkàwé yín?"

"Èyí tó kó kúrò ní ìlú?"

"Kò kó lọ síbì kankan. Òun ló ki ẹsẹ̀ bọ omi yìí."

Ọmọ náà wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá náà bá a rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ ń dùn ún. Kíá ni ọmọ ṣí ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i: Páńtíọ́nù, ní Róòmù. Ilé róbótó ńlá ló wà lẹ́yìn ìloro náà, ihò sì wà láàárín òrùlé rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé òpó tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò gùn ju èyí tí wọ́n rí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mú rúlà tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé lọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi rúlà ọ̀hún pa mọ́ sápò kó lè rí àwáwí lọ síbẹ̀. Ó dúró sẹ́bàá fèrèsé kíláàsì, níbi tó kọjú sí yàrá ìkàwé, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàlàyé.

"Ìlà lásán ni," olùkọ́ wọn obìnrin wí. "Kí ló mú un dá ọ lójú pé òpó kúkúrú ló lè fa irú rẹ̀?"

Ọmọ náà mú àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká jáde."

Gbogbo wọn rọ́ jáde síwájú yàrá ìkàwé. Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì wá ọ̀nà tí yóò gbà sá, ògiri ló bá lẹ́yìn. Ọmọ náà fi ìlà òkè ìloro hàn wọ́n, ó ní, "Ẹni tó kọ́ ọ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá mi nìyẹn." A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí i, ó sì nà án tán.

Olùkọ́ wo ìlà, ó wo àwòrán, ó wo ọkùnrin tó di rúlà mú. "O ti yege," ló wí fún ọmọ náà. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ti Róòmù ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, kò tíì wó."

"Tèmi ti lo mọ́kànlélógún, mà. Ó ku díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ sílé, kò gba ẹ̀bá gọ́tà mọ́. Iwájú yàrá ìkàwé ló gbà kọjá, ó sì dúró, ó wo ìlà náà dáadáa, ó wá tún un wò.