Ọmọ Ríwáyà Nínú Mọ́tò Gbígbóná

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni bulówà mọ́tò mi, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn AC jáde, kú, kò sì ké kó tó kú. Mo ti jáde ní Ajangbadi, mo ti dé Okokomaiko, mo tẹ bọ́tìnnì AC, iná rẹ̀ tàn, àmọ́ atẹ́gùn kankan ò jáde. Mo yí i sí nọ́ńbà kìíní, mo yí i sí ìkẹrin. Mo fi ọwọ́ gbá orí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ìgbà tí èèyàn bá ń jí ọmọ tó sùn gbàgbé. Kò dá mi lóhùn. Kí n tó dé ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà lẹ́bàá Navy Town, ẹ̀yìn ẹ̀wù mi ti rin gbindin, ọmọ kan ní kíláàsì mi sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òjò rọ̀ lọ́nà ibi tí mo gbà ni.

Ká ní ẹlòmíì ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ì bá ti gbé mọ́tò rẹ̀ lọ bá ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà àti iná mọ́tò ṣe. Wọn ò wọ́n ládùúgbò wa. Àmọ́ ọmọ ríwáyà ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ náà ní Ajangbadi, lábẹ́ igi furúùtù kan tó ń já ewé sórí mọ́tò oníbàárà. Àṣà kan sì wà láàárín wọn: mọ́tò ilé ọ̀gá, ọ̀gá ló ń fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀gá bá wà láyé tí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò lọ bá ẹlòmíì, ńṣe lọmọ náà ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀gá ti parí, ìsìnkú ló kù.

Ìgbà ọyẹ́ ni àrùn ẹ̀gbà kọ lu bàbá mi. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ iṣẹ́, kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó pe èmi àti ìyá mi sẹ́yìn ilé, ó ní bí ọwọ́ náà bá jókòó lásán títí òjò ọdún yìí á fi dá, ó lè má dìde mọ́.

Bàbá mi ju bọ́ọ̀lù náà sábẹ́ ibùsùn, wọ́n kọjú sí ògiri. "Ọwọ́ yìí ti fẹ̀yìn tì," ni wọ́n wí. Wọn ò jáde síta mọ́. Wọn ò sì gbà láti fi ọwọ́ òsì jẹun, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan oúnjẹ nítorí àìsàn, nítorí náà ìyá mi ló ń fi òkèlè sí wọn lẹ́nu. Tí àwo bá ti ṣófo, ìyá mi á lọ sí kíṣìnì, wọ́n á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ gbàà, kí a má baà gbọ́ pé wọ́n ń sunkún. Mo máa ń gbọ́. Ẹ̀rọ omi wa ò pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe jókòó sínú ooru fún bíi ọjọ́ méjìlá. Nígbà tí òjò bá dé, ó tún burú ju ooru yẹn lọ, torí ìkùukùu á bo gíláàsì iwájú, á funfun bí ojú afọ́jú, màá sì máa fi gèlè mi nù ún bí mo ṣe ń wa ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ẹnì kan tó ń ti bárò lọ ní Ìyànà-Ìbà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo gbé mọ́tò lọ sí Ìbà, sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀ báyìí, tó ti hu irun funfun. Ilé wa ló gbé nígbà náà. Mo ń pè é ní Bọ̀dá.

Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ọmọ Ọ̀gá, má bínú. Ọ̀gá wà láyé, kí èmi wá máa tú dáṣíbọ́ọ̀dù ilé wọn? Mi ò jẹ́ dán an wò."

"Ọ̀gá wo, Bọ̀dá? Ọ̀gá tí ò lè di bọ́tìnnì ara rẹ̀?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí ni mo rí i tó fọ́ sílẹ̀ níwájú àwa méjèèjì. Bọ̀dá ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́," ló wí. "Lọ sọ fún wọn. Tí wọ́n bá ní kí n wá, màá wá sílé wá ṣe é lójú wọn."

Ìtìjú ni mo fi wa ọkọ̀ padà sílé. Mo wọ yàrá bàbá mi. Wọ́n dojú kọ ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Bàbá, bulówà mọ́tò mi ti kú." Mo yí padà, mo ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn.

"Ó ké kó tó kú?"

"Rárá, sà."

"Ó rùn bíi rọ́bà tó ń jó?"

"Kò rùn."

"Nọ́ńbà ìkẹrin ńkọ́?"

"Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n yí ọrùn sí mi. "Láti ọjọ́ wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"O wá ń jókòó sínú ooru láti ìgbà yẹn, o ò lè sọ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"

Ìyá mi tó ń gbé àwo kọjá lẹ́nu ọ̀nà dáhùn pé, "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹnu yín jáde o." Bàbá mi ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́.

Orí ibùsùn yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní ibi tí kò ní ná wa lówó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ yọ fíùsì wá, èyí tí kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ yọ. Mo padà lọ yọ òun gan-an, wọ́n gbé e sókè sí ojú fèrèsé, wọ́n ní ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ríléè họ́ọ̀nù, ohun kékeré tó ń gbé iná kọjá sí i, pààrọ̀ ti bulówà, torí ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ṣe é, pàbó ló já sí. Wọ́n wá ní kí n wo púlọ́ọ̀gì tó ń gbé iná lọ fún bulówà lábẹ́ píjìnhóòlù, àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú mọ́tò bí ọkùnrin, mo wo ibẹ̀, òkùnkùn nìkan ni mo rí. Ìgbà tí mo wá jíṣẹ́, bàbá mi pòṣé.

"Ìwé ni wọ́n bí ẹ mọ́. Gbé ọ̀pá mi wá."

Mo fẹ́ sáré lọ sọ fún ìyá mi, àmọ́ mo rí wọn láti ojú ọ̀nà, wọ́n kọ̀yìn sí mi ní kíṣìnì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó tán láàárọ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́.

Bàbá mi jókòó sórí àpótí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò tí mo ṣí sílẹ̀. Mo bá wọn gbé àpótí irinṣẹ́ wọn wá, eruku ti bò ó. Nínú rẹ̀ ni gílóòbù ìdánwò wà, gílóòbù kékeré oníwáyà méjì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná dé ibì kan. Ọwọ́ òsì ló di tọ́ọ̀ṣì mú, ó wá ku ẹni tó máa di gílóòbù. Mo na ọwọ́.

"Fi sílẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún dìde. Gílóòbù já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òógùn ń ṣàn lójú bàbá mi, èmi náà ń gé ètè mi jẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka méjì gbá a mú. Wọ́n tẹ orí wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn, mo wo ibi tí tọ́ọ̀ṣì tàn sí. Púlọ́ọ̀gì náà ò jó, kò sì ya. Ńṣe ni ẹnì kan yọ ọ́, ó ká wáyà rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ irin kó má baà máa fì. Àkísà náà ní àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò. Etí àǹkárá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa méjèèjì ṣe mọ ẹni tó so ó. Ìyá mi ń ta àǹkárá ní Ìyànà-Ìbà. Etí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gé kúrò ni wọ́n fi ń so aṣọ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó tí bàbá mi ò tíì ní ọmọ iṣẹ́ kankan, ìyá mi ló ń bá wọn di tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ igi furúùtù. Òfin kan sì wà tí bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bá wọn ṣiṣẹ́: wáyà kì í fì. Wáyà tí o bá yọ, so ó. Ìyá mi ba mọ́tò jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún yẹn lè rí iṣẹ́ ṣe, síbẹ̀ wọn ò lè fi wáyà sílẹ̀ kó máa fì.

Bàbá mi fi àtàǹpàkò ọ̀tún kan etí aṣọ náà. Wọ́n wo fèrèsé kíṣìnì. Kọ́tìnì mì.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, Bàbá?" ni mo bi wọ́n, bí ẹni pé ojú mi fọ́.

"Ó ti bàjẹ́ gan-an," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ ńlá ni. A máa sọ odindi bulówà yẹn kalẹ̀."

Èmi tí ẹnu mi kì í gbófo, mo pa á dé.

Súkúrúù mẹ́ta ló di bulówà náà mú. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi tú u, súkúrúù kan lóòjọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló sì tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ìyẹ́ fáànù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́ bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń bú u pé kò mọ tọ́ọ̀ṣì dì. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ojú rẹ̀ kún fún omi. Nígbà tí mo gbálẹ̀ yàrá, mi ò rí bọ́ọ̀lù rọ́bà lábẹ́ ibùsùn mọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí i.

Lálaalẹ́ ni ìyá mi ń béèrè láìwo ojú ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ẹ ti rí ohun tó ṣe é?"

"À ń wá a ni," ni bàbá mi ń dáhùn.

Èmi sì ń làágùn lọ sí ibi iṣẹ́, mò ń làágùn bọ̀. Ooru ọ̀tẹ̀ yìí ò bí mi nínú rárá. Lọ́jọ́ kan tí mo dé, mo bá bàbá mi níwájú àwo ẹ̀bà, wọ́n ń gé òkèlè fúnra wọn. Òkèlè náà ò rí róbótó, ọbẹ̀ kán sí wọn láyà, ìyá mi jókòó ní iwájú wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan di èkejì mú pinpin sórí itan kí wọ́n má baà ran bàbá mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ti dá bulówà padà sí àyè rẹ̀, bàbá mi sì fi àtàǹpàkò ti púlọ́ọ̀gì wọlé. Ó dún kọ̀. Mo yí AC sí nọ́ńbà kìíní, atẹ́gùn tú jáde, eruku díẹ̀ bá a wá. Ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn. Bàbá mi ní àwọn náà ń lọ. Wọ́n jókòó síwájú, ìyá mi wà lẹ́yìn. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìyànà-Ìbà.

"Ìyá ọmọ mi," ni bàbá mi wí, wọn ò wẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá fẹ́ ba mọ́tò jẹ́, má so wáyà rẹ̀."

Ìyá mi dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní wáyà kì í fì?"

Bàbá mi na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, láàárín ìjókòó méjèèjì. Mo rí i nínú díńgí tí ìyá mi gbá a mú. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi ké.

"Ẹ rọra o! Ẹ ń fún mi lọ́wọ́ jù, ó ń dùn mí."

Omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò fa ọwọ́ wọn kúrò.