Àpáàdì Mẹ́mfísì ti Alfa Ṣàmsúdéènì

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára àpáàdì náà gan-an?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi Alfa Ṣàmsúdéènì ní ìbéèrè yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì kí n tó lè sọ ọ́ jáde, nítorí n kì í la ẹnu ní ilé-kéú àfi tí wọ́n bá pè mí láti kàwé. Alfa wò mí, wọ́n wo aago, wọ́n ní, "Yusrah, ká kọ́kọ́ parí Súrà wa ná." A parí Súrà. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ẹni tó bá rí Alfa láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní mọ̀ pé alfa ni wọ́n. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà ní ìlú òyìnbó níbí, láti New Cross gba Peckham kọjá lọ sí àárín ìlú. Màmá mi ní Alfa nìkan ni awakọ̀ tó máa ń dúró de ìyá àgbà tó ń fa iṣu bọ̀ láti Rye Lane. Àmọ́ tó bá di Sátidé, Alfa á wọ jalabíà funfun, wọ́n á gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onídìrí, níbi tí àwa bí ogún ti ń kọ́ kéú.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ nípa Mẹ́mfísì. Nígbà tí Alfa ń kàwé ní Káírò, wọ́n fi àkókò ìsinmi lọ́dún kan bá àwọn tí ń walẹ̀ ní Mẹ́mfísì ṣiṣẹ́. Ìlú yìí ni àwọn ọba Íjíbítì ìgbàanì fi ṣe olú-ìlú, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Káírò.

"Ẹ má rò pé ẹ máa bá ààfin níbẹ̀ o," ni Alfa máa ń sọ. "Igi dàbínù lẹ máa rí, àti koríko, àti omi tó ń sun láti inú ilẹ̀. Àwọn ará Káírò ti kó òkúta ibẹ̀ lọ kọ́lé. Àwọn àgbẹ̀ kó bíríkì alámọ̀ rẹ̀ lọ sóko, wọ́n fi ṣe ajílẹ̀. Ère ọba kan ṣì wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bọ́ọ̀sì mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀."

"Ṣé ó ń sùn ni, Alfa?" Sherifdeen nìyẹn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ó ń sinmi ni. Ẹni tó jọba fún ọgọ́ta ọdún ó lé, ṣé kò yẹ kó sinmi?"

"Bíi ti Daddy mi lọ́jọ́ Sunday."

Àpáàdì ni wọ́n ní kí Alfa máa fọ̀. Wọ́n á gbé agbọ̀n kan sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti abọ́ omi. Òfin kan ṣoṣo ló wà: àpáàdì tí tàdáwà ìkọ̀wé bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kan omi, nítorí àwọn ará ìgbà yẹn máa ń kọ̀wé sára àpáàdì bí àwa ṣe ń kọ ọ́ sórí bébà. Alfa rí ọ̀kan. Wọ́n á na ọwọ́ kí a lè rí bó ṣe tó: kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó pupa, ìlà dúdú méje sì wà lára rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìlà méje yẹn ni kò dúró lójú kan. Lọ́dún kan, ìyàwó ọba ló ń bú ìránṣẹ́. Lọ́dún kejì, ó di lẹ́tà tí ọmọ ogun kan kọ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n pín búrẹ́dì fún.

"Alfa, ẹ tún ti yí i padà!" ni Sherifdeen pariwo. "Àbí àpáàdì náà ń gba mẹ́séèjì tuntun ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alfa náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára pe ojú ìwé tí a máa kà.

Èmi gba ti búrẹ́dì gbọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń wá ìwé nípa Mẹ́mfísì kiri láíbìrì. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀ ní yunifásítì. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo fi àpáàdì Alfa bẹ̀rẹ̀ tèmi, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ búrẹ́dì síbẹ̀. Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ní Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọdé ń lọ sílé, mo mú un tọ Alfa lọ kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n kà á. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà.

"Àwọn wo ló máa ka èyí?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni, Alfa. Ọ̀kan nínú wọn ti walẹ̀ ní Mẹ́mfísì rí. Wọ́n lè pè mí, kí wọ́n bi mí nípa rẹ̀. Tí wọ́n bá rí irọ́ níbẹ̀, wọn ò ní gbà mí."

"Háà."

Sherifdeen, tó wá mú àbúrò rẹ̀, tó sì mọ ohun tí mo kọ, yọ orí wọlé. "Alfa, kí ló dé tí ojú yín le báyìí? Ṣé búrẹ́dì yẹn ti jóná ni?"

"Jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn."

Ó ti ilẹ̀kùn. Alfa ní kí n jókòó. Èmi rò pé gírámà mi ni kò dára.

"Yusrah," ni wọ́n wí, "o ti bi mí ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rí, mo sì ní ká parí Súrà. Ó dáa, a ti parí rẹ̀. Ní Ìwó nílé, orí pákó wàláà la ti kọ́ kéú. Tí ọmọ bá ti mọ tirẹ̀ sórí, á fọ tàdáwà rẹ̀ kúrò, kí alfa lè kọ òmíràn sí i. Èmi ni mo mọ wàláà á fọ̀ jù nínú gbogbo wa. Lọ́jọ́ yẹn ní Mẹ́mfísì, mo rí ìlà méje, ọwọ́ mi ti dénú omi kí orí mi tó rántí òfin. Mo fọ̀ ọ́, ó mọ́ tónítóní. Mo dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́. Pa búrẹ́dì yẹn rẹ́. Kọ ọ́ pé olùkọ́ rẹ ló fọ̀ ọ́, kí o sì kọ orúkọ mi dáadáa, Ṣàmsúdéènì ará Ìwó, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bínú sí."