Ìpalára Tí Wọ́n Fi Ọtí Wẹ̀

Mo rántí ìgbà tí wọ́n wọ́ tíṣà ìṣirò wa gba Olódì-Àpápá kọjá, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ku ẹyọ kan. Ó ti ba ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa jẹ́. Àwọn bàbá tó ń ṣe lébìrà ní wáàfù ló léwájú, bẹ́líìtì lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé a kì í lajú sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ ó wọ̀ ọ́. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ó tọ́ sí i. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn bàbá wọ̀nyí ń yan kiri Ajégúnlẹ̀ bí ẹni tó pa ẹkùn.

Kò tó ọdún kan sí i tí ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, fi sọ fún bàbá rẹ̀ pé tíṣà obìnrin tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ń dá òun dúró lẹ́yìn ilé-ìwé, pé ohun tó ń fi òun ṣe kò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n yọ òun kúrò lábẹ́ obìnrin náà, kí òun lè máa kàwé òun lọ.

Bàbá rẹ̀, oníbẹ́líìtì àná, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé bíà wá. Àwọn ará wáàfù kì í gba ohun ayọ̀ lọ́wọ́ gbígbẹ. Ọkọ̀ tuntun, ọmọ tuntun, ọtí ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá mú ọmọ jókòó sáàárín agbo.

"Ọkọ tíṣà! A bẹ̀rù ẹ o!"

"You don born better man!" ni ẹnì kan wí fún bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́."

"Ṣé wọ́n ń sunkún oyin ni? Múmú!"

Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń mu málítì, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ bó ṣe máa ń di bẹ́ǹṣì mú bí wọ́n bá ti lu aago ìparí, mo tún ní kó bá mi bẹ tíṣà kó fi máàkì kún tèmi. Ọlọ́gbọ́n pátápátá ni mí nígbà yẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá ilé-ìwé, ó pe obìnrin náà. "Ìyáàfin, ẹ máa ṣọ́ra o," ló sọ, ó sì dá a padà sí kíláàsì wa. Ọ̀rẹ́ mi ò wá sílé-ìwé mọ́. Lórí Wharf Road ni mo ti rí i, àpò ìrẹsì lórí, òun tó mọ̀wé ju gbogbo wa lọ.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ ni! Àgbà kún ọjà lọ́jọ́ náà, ìgò lọ́wọ́, àwọn gan-an ló wọ́ ọ lórí.

A pàdé láìpẹ́ yìí, ewú ti gba orí àwa méjèèjì. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn."

Ọmọdé ni òun náà. Nínú gbogbo bàbá tó mutí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.