Ọwọ́ Tí A Fi Ń Jẹun

Mo rántí òórùn òjé tí à ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀, kí n tó rántí ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé ni, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù, tí gbogbo ilé láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀ ń ra telifíṣọ̀n bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ la jọ ń tún un ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Owó ló gbé ẹ̀gbọ́n dé ìdí iṣẹ́ náà, kò sì fi bò. Ní tèmi, bí àwòrán bá yọ lójú gíláàsì, inú mi á dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì máa ń yínmú sí ẹ̀gbọ́n pé kò mọyì iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ wa, kó tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wa, a máa sọ pé ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Mo gbà pé èmi gan-an ni wọ́n ń pa òwe náà fún.

Ṣọ́jà kan gbé telifíṣọ̀n tirẹ̀ wá, ó ní òun máa fi wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, telifíṣọ̀n náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń yàwòrán. Dé e padà, àbúrò, ká gbowó wa."

Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwòrán náà ń gbọ̀n díẹ̀ létí, ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ̀gbọ́n tó dé, mo tún tú u palẹ̀.

N kò tíì tò ó pọ̀ tí ṣọ́jà fi wọlé. Ó wo ohun ìní rẹ̀ tó fọ́n ká orí tábìlì. Kòbókò ló kọ́kọ́ bà mí lójú, lẹ́yìn náà ni bàtà rẹ̀ bà mí níhà, mo ṣubú, ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀. Èmi òmùgọ̀, gíláàsì telifíṣọ̀n ni mo dì mọ́ àyà kó má baà fọ́!

"Ọwọ́ wo lo fi tú u?"

Ó fa ọwọ́ ọ̀tún mi yọ, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì mú òòlù wa lórí tábìlì. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n já wọlé, tó fò lé mi lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá ṣọ́jà! Ọwọ́ yẹn la fi ń jẹun!"

Òòlù ti ń bọ̀. Ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n fi bo tèmi ló bà. Mo gbọ́ bí eegun ṣe kán. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ kò bo igbe tí ẹ̀gbọ́n ké mọ́lẹ̀.

Ṣọ́jà ju òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ o!" Ó lọ.

Mo to telifíṣọ̀n náà pọ̀ tẹkúntẹkún. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì mí, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì di ọwọ́, ó ń sọ pé, "Má wo ojú mi. Iṣẹ́ ni kó o wò." Àwòrán náà kò gbọ̀n mọ́. Ṣọ́jà tó padà wá gbé e kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ìka ẹ̀gbọ́n kò ká dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó fi àtúnṣe sílẹ̀, ó ń ta páàtì telifíṣọ̀n, ó sì lówó jù mí lọ. Lónìí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ní Ìsọlọ̀ a máa bi mí bóyá torí owó ló yẹ kéèyàn lọ sídìí ẹ̀rọ ni, àbí torí ìfẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi títí dòní, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fẹ́ràn iṣẹ́, gíláàsì ni mo dì mọ́ra lọ́jọ́ náà. Ẹni tí owó gbé wá ló dì mọ́ mi.